Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Àgbà Dublin: Ibi Tí Lẹ́tà àti Òmìnira Ti Pàdé

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Àìkú Àjíǹde lọ́dún 1916, àwọn ọmọ Ayálándì tó fẹ́ já ilẹ̀ wọn gbà lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì tò lọ sí àárín ìlú Dublin pẹ̀lú ìbọn léjìká. Ilé tó yẹ kí irú wọn fojú sí pọ̀ nílùú náà. Dublin Castle wà níbẹ̀, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń pàṣẹ fún gbogbo erékùṣù náà. Ilé ńlá tí àwọn aṣòfin Ayálándì ti ń jókòó rí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé báńkì ló gbà á lẹ́yìn tí wọ́n so ìjọba ilẹ̀ náà pọ̀ mọ́ ti London ní ọdún 1801. Àwọn kan lára wọn kọlu ẹnu-ọ̀nà Castle, wọn kò rí i gbà. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn olórí wọn fúnra wọn wọ̀, tí wọ́n fi ṣe olú ibùdó, tí wọ́n sì ta àsíá wọn sí, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni: ibi tí tọmọdé tàgbà ń tò sí láti ra sítáǹpù, láti gba máníọ́dà, láti lu wáyà.

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ilé tó kàn ga jù lójú títì ni wọ́n yàn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti gba ilé aṣòfin lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń bá ara wọn sọ ló kù fún un, ibi tí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń gbéra lọ sí ìlú dé ìlú ló sì wá di oókan àyà rẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ àgbà Dublin, tí gbogbo ará ibẹ̀ ń pè ní GPO, ti wà nípò yẹn fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí ìbọn tó dún nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Dublin ti ṣí kiri kó tó ní ilé gidi. Ó ti gbé High Street rí, ó ti gbé Fishamble Street rí. Ní ọdún 1755 ó kó lọ sí ilé kan tí àwọn ọlọ́lá ti ń mu ṣokoléètì gbígbóná, Bardin's Chocolate House. Nígbà tó yá, ó sọdá sí College Green. Bó ṣe ń ṣí kiri bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ń pọ̀ sí i. Ọdún 1784 ni òfin yọ ọ́ kúrò lábẹ́ ti London, tó fi ní àwọn ọ̀gá tirẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1789, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin akólẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti Dublin lọ sí Cork àti Belfast. Ìyípadà ńlá ni. Tẹ́lẹ̀, ẹni kan ṣoṣo lórí ẹṣin ló ń gbé àpò lẹ́tà káàkiri, olè sì lè dá a lọ́nà nígbà tó bá wù ú. Kẹ̀kẹ́ tuntun ní ẹ̀ṣọ́ oníbọn, ó ní àkókò tó gbọ́dọ̀ gbéra àti àkókò tó gbọ́dọ̀ dé, ó sì ń fẹ́ àgbàlá tí ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ti lè yí po. Ilé tó wà ní College Green kò gba gbogbo ìyẹn mọ́.

Ilẹ̀ tí wọ́n wá rí wà ní Sackville Street, ní apá àríwá odò Liffey, ọ̀kan lára àwọn títì tó fẹ̀ jù nílùú náà. Charles Whitworth, aṣojú ọba ní Ayálándì, fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní ọjọ́ 12, oṣù Ògún, ọdún 1814. Ọjọ́ 6, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1818 ni wọ́n ṣí ilé náà fún iṣẹ́. Nǹkan bí £50,000 ni wọ́n ná sí i, owó ńlá láyé ìgbà náà. Ẹ fi sọ́kàn pé ilé aṣòfin Dublin ti kógbá wọlé ní bí ọdún mẹ́rìnlá ṣáájú ìpìlẹ̀ yìí. Àwọn ọlọ́lá ti ń kó lọ sí London, ilé wọn sì ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Nínú ìlú tí agbára ń fi sílẹ̀ lọ yìí, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n wá kọ́ bí ààfin. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ọdún 1916 ti bẹ̀rẹ̀.

Francis Johnston ló ya àwòrán ilé náà. Ọmọ Armagh ni, wọ́n bí i ní ọdún 1760. Òun kan náà ni wọ́n ti pè ṣáájú láti sọ ilé aṣòfin àtijọ́ di báńkì. Òun ló kọ́ ilé ìjọsìn tó wà nínú Dublin Castle, òun náà ló sì bójú tó kíkọ́ òpó gíga tí wọ́n gbé ère Nelson, balógun ojú omi, kà lórí láàárín Sackville Street. Nígbà tó dàgbà, ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ilé fún ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, Royal Hibernian Academy, ní Abbey Street tí kò jìnnà síbẹ̀. Iná ọ̀sẹ̀ ìjà ọdún 1916 tó jẹ GPO run ló jẹ ilé yẹn náà run, nítorí náà iṣẹ́ ọwọ́ Johnston méjì ni Dublin pàdánù lẹ́ẹ̀kan náà.

Ojú GPO gùn tó mítà 67, ó ga tó mítà 15, àjà mẹ́ta ló sì ní. Láàárín rẹ̀ ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńlá kan ti yọ síta, tó fẹ̀ tó mítà 24, tí òpó mẹ́fà gbé dúró. Ẹyọ òpó kan nípọn ju mítà kan lọ. Wọ́n fa ìlà jíjìn sí wọn lára láti òkè délẹ̀, wọ́n sì ká orí wọn kò bí ìwo àgbò, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gíríìkì ìgbàanì ti ń ṣe é nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ilé òrìṣà. Òkúta funfun láti Portland nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Ara ilé tó kù, òkúta líle aláwọ̀ eérú tí wọ́n ń wà lórí òkè Ayálándì ni. Ẹni tó bá dúró lódìkejì títì lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn yóò rí ààlà òkúta méjèèjì kedere.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ Johnston ni pé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gba abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kọjá. Kò gbé e sórí àtẹ̀gùn gíga, kò fi ọgbà yí i ká. Ẹni tí kò ní lẹ́tà kankan láti fi ránṣẹ́ ń gba àárín àwọn òpó yẹn kọjá lọ sídìí òwò rẹ̀, bí òjò bá sì dé, tí òjò kì í sì í wọ́n ní Dublin, abẹ́ ibẹ̀ ni yóò yà sí. Wọ́n kọ́ ilé ìjọba tán, wọ́n fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ fún ará ìlú.

Lórí òrùlé ni ère mẹ́ta wà, iṣẹ́ John Smyth. Hibernia, obìnrin tó dúró fún Ayálándì fúnra rẹ̀, ló wà láàárín pẹ̀lú ọ̀kọ̀ àti háàpù. Ní ẹ̀gbẹ́ kan ni Mercury wà, ìránṣẹ́ àwọn òrìṣà Róòmù, tó di ọ̀pá àti àpò owó mú. Ọmọ Yorùbá tó bá gbójú sókè wò ó kò ní pẹ́ rántí Èṣù, nítorí iṣẹ́ jíjẹ́ àti ọjà wà lábẹ́ àwọn méjèèjì. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ni Ìṣòótọ́ dúró, ajá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni mo kà sí aláṣẹ ilé náà, nítorí pé bí a kò bá gbà pé ẹni tó ń gbé lẹ́tà wa kò ní tú u kà, kò sẹ́ni tí yóò kọ ọ́. Nísàlẹ̀ wọn, ní ojú òrùlé onígun mẹ́ta, wọ́n gbẹ́ àmì oyè ọba Gẹ̀ẹ́sì síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé ẹni tó ni ín.

Ní ọdún 1831, London tún gba àkóso iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Ayálándì padà, GPO sì di ẹ̀ka. Ìyẹn kò dín èrò tó ń wọ ibẹ̀ kù. Ọdún 1840 ni sítáǹpù olówó kọ́bọ̀ kan dé, tí tálákà náà fi wá lè kọ lẹ́tà láìjẹ́ pé ẹni tó fẹ́ gbà á ló máa sanwó ńlá lẹ́nu ọ̀nà. Orí Ọbabìnrin Victoria ló wà lára rẹ̀, orí kan náà tí àwọn ará Èkó rí lára sítáǹpù tiwọn nígbà tó jáde ní ọdún 1874. Ní ọdún 1870 ìjọba fi iṣẹ́ wáyà sábẹ́ ìfìwéránṣẹ́, yàrá wáyà sì gba òkè GPO. James Joyce, òǹkọ̀wé ọmọ Dublin, gbé ìtàn inú ìwé rẹ̀ Ulysses kalẹ̀ sí ọjọ́ 16, oṣù Òkúdù, ọdún 1904, kò sì gbàgbé àwọn kẹ̀kẹ́ akólẹ́tà pupa tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àárín Dublin ṣe ń dún nígbà náà, kó lọ ka ibẹ̀.

Kí ọdún 1916 tó dé, gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ti há jù. Wọ́n tún un ṣe láti ìpìlẹ̀, oṣù Ẹrẹ́nà ọdún náà ni wọ́n sì ṣí i fún ará ìlú, tó ń dán. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ tó fi jóná.

Ọ̀gá àgbà ìfìwéránṣẹ́ ní Ayálándì nígbà náà ni Arthur Hamilton Norway. Ó wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ nínú GPO ní òwúrọ̀ ọjọ́ 24, oṣù Igbe, bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, àfi bí wọ́n ṣe pè é lórí tẹlifóònù pé kó wá sí Castle. Kò tíì pẹ́ tó jáde tí àwọn ajàjàgbara fi wọlé. Wọ́n ní kí àwọn oníbàárà àti àwọn akọ̀wé káńtà jáde. Ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan tó wá ra sítáǹpù bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì tì í mọ́nú àpótí tẹlifóònù. Àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ yàrá wáyà lókè ní ìbọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní ọta. Láàárín wákàtí kan, ojú òpó wáyà tó gba GPO ti kú.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo kan lù, Patrick Pearse, ọ̀kan lára àwọn olórí wọn, jáde síwájú ilé náà, ó ka Ìkéde Òmìnira fún èrò díẹ̀ tó wà ní títì. Liberty Hall, ilé ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lóru. Lẹ́tà irin tí wọ́n fi ń tẹ̀wé kò tó, nítorí náà wọ́n tẹ ìdajì òkè, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n tún fi àwọn lẹ́tà kan náà tẹ ìdajì ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá wo ojúlówó rẹ̀ dáadáa á rí i pé ìdajì méjèèjì kò bára mu pátápátá. Ìkéde náà ké sí ọkùnrin àti obìnrin Ayálándì bákan náà, èyí tí kò wọ́pọ̀ nínú ìwé ìjọba níbikíbi láyé ìgbà náà.

Àwọn obìnrin gan-an ni wọ́n ṣe iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn. Winifred Carney, akọ̀wé James Connolly tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olórí ìjà náà, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ GPO ní ọwọ́ kan, ó mú ìbọn ní ọwọ́ kejì, ó sì jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ tí ó ń tẹ àṣẹ Connolly. Elizabeth O'Farrell àti Julia Grenan ń gbé ìwé kékeré káàkiri ìlú láàárín ọta ìbọn. Michael Collins náà wà nínú ilé náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní báńkì ìfowópamọ́ ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ní London. Ó mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ láti inú wá. Nígbà tí ogun òmìnira dé lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn rẹ̀ nínú ìfìwéránṣẹ́ ló ń bá a tú lẹ́tà àṣírí Gẹ̀ẹ́sì kà.

Àṣìṣe ńlá wọn ni pé wọn kò gba ilé tẹlifóònù tó wà ní Crown Alley, tí kò jìnnà sí wọn rárá. Wáyà GPO ti kú, ṣùgbọ́n tẹlifóònù ṣì ń dún, òun sì ni ìjọba fi pe àwọn ọmọ ogun wọlé. Àwọn ajàjàgbara sọdá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wáyà aláìlókùn lódìkejì títì, wọ́n tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe, wọ́n sì ń fi àmì Morse kéde sí ojú òkun pé orílẹ̀-èdè olómìnira ti dìde ní Dublin. Ìjà náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, ìjà ẹni tó ni ọ̀nà ìránṣẹ́ ni.

Láti Ọjọ́rú ni ìbọn ńlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àdúgbò náà. Ní Ọjọ́bọ̀ ọta fọ́ ọrùn ẹsẹ̀ Connolly, iná sì mú apá kejì Sackville Street. Ọjọ́ Ẹtì ni òrùlé GPO gbaná. Wọ́n jáde lálẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ lọ sí Moore Street. Ní Àbámẹ́ta, ọjọ́ 29, O'Farrell gbé àsíá funfun lọ bá àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì. Èèyàn 485 ló kú ní ọ̀sẹ̀ náà, ó sì ju ìdajì wọn lọ tó jẹ́ ará ìlú tí kò gbé ìbọn. Gbogbo àwọn méje tó fọwọ́ sí Ìkéde ni wọ́n yìnbọn pa láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n so Connolly mọ́ àga kí wọ́n tó yìn ín, nítorí pé kò lè dúró.

Nínú GPO, ojú ilé nìkan ló kù: òpó mẹ́fà, ògiri, àti ojú fèrèsé tí ojú ọ̀run ń gba inú rẹ̀ hàn. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣẹ́ lẹ́tà kò dúró o. Àwọn òṣìṣẹ́ ń to lẹ́tà níbòmíràn, wọ́n tún ń tò ó nínú ọkọ̀ òkun tó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 10, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1918, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ri ọkọ̀ Leinster. Nínú òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ 22 tó wà nídìí lẹ́tà nísàlẹ̀ ọkọ̀, 21 ló bá a lọ. A kì í gbọ́ orúkọ wọn bí a ṣe ń gbọ́ ti Pearse, ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ GPO ni wọ́n kú sí.

Òmìnira dé, ìfìwéránṣẹ́ ló sì kọ́kọ́ gbé e dé ẹnu ọ̀nà ará ìlú. Ní ọjọ́ 17, oṣù Èrèlé, ọdún 1922, sítáǹpù olórí ọba Gẹ̀ẹ́sì jáde pẹ̀lú orúkọ ìjọba onígbà díẹ̀ ti Ayálándì ní èdè abínibí wọn, tí wọ́n tẹ̀ lé ọba lójú. Àpótí lẹ́tà pupa tó wà káàkiri ni wọ́n kun ní àwọ̀ ewé. Wọn kò hú wọn jù nù. Títí dòní, lẹ́tà orúkọ Victoria àti Edward ṣì yọ lábẹ́ ọ̀dà aláwọ̀ ewé náà.

Ohun kan náà ni wọ́n ṣe sí GPO, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí mo fi bọ̀wọ̀ fún ìjọba tuntun náà. Wọ́n lè fi òkúta dídúdú yẹn sílẹ̀ bí ibi ìrántí, wọ́n sì lè wó o kọ́ ààfin ààrẹ. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n tún kọ́. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1924, ọdún kan náà tí Sackville Street di O'Connell Street. Wọ́n fi ojú ilé Johnston sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, àyàfi àmì oyè ọba tí wọ́n mú kúrò lójú òrùlé. Lẹ́yìn ojú yẹn, ilé tuntun pátápátá ni: gbọ̀ngàn gíga pẹ̀lú káńtà gígùn nísàlẹ̀, ọ́fíìsì lókè, àti ọ̀nà onílé ìtajà tí wọ́n là já láti Henry Street. W. T. Cosgrave, olórí ìjọba, ṣí i ní ọjọ́ 11, oṣù Agẹmọ, ọdún 1929. Rédíò orílẹ̀-èdè náà ti kó wọ òkè rẹ̀ láti ọdún 1928, ibẹ̀ ló sì wà títí di àwọn ọdún 1970. Ilé tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ di ilé tó ń fi ohùn ránṣẹ́.

Ní ọdún 1935, Éamon de Valera, olórí ìjọba nígbà náà, ṣí aṣọ lójú ère bàbà kan tí wọ́n gbé sínú ilé náà. Cúchulainn ni, akọni inú ìtàn ìgbàanì Ayálándì, tó so ara rẹ̀ mọ́ òkúta kí ikú má baà bá a nílẹ̀. Ẹyẹ ìwò bà lé e léjìká, ìgbà yẹn ni àwọn ọ̀tá tó mọ̀ pé ó ti kú. Oliver Sheppard ti ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1911, kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Òpó Nelson tó dojú kọ ilé náà kò rí irú oore bẹ́ẹ̀ gbà: bọ́ǹbù fọ́ ọ ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1966. Òpó irin ńlá tó ga tó mítà 120 ló wà nípò rẹ̀ láti ọdún 2003.

An Post, àjọ tó ń bójú tó lẹ́tà ní Ayálándì láti ọdún 1984, ló ń lo GPO. Ní ọdún 2016, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìjà náà, wọ́n ṣí ilé ìtàn ńlá síbẹ̀. Ní ọdún 2023, àjọ náà kó olú ọ́fíìsì rẹ̀ kúrò lọ sí etí odò. Òkè ilé wá ṣófo, ìjọba sì kéde ní ọdún 2025 pé òun fẹ́ fi ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù kún un. Ariwo ta. Àwọn kan ní ìwà àìbọ̀wọ̀ ni láti tajà nínú ilé tí wọ́n ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Èmi kò bá wọn bínú sí ṣọ́ọ̀bù. Ilé ìtajà ti wà lára GPO láti ọdún 1929, èrò ni ó sì mú ilé náà wà láàyè. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni káńtà ìsàlẹ̀. Bí ọjọ́ kan bá dé tí ẹni tó wọ ibẹ̀ kò lè ra sítáǹpù mọ́, tó jẹ́ àwòrán àti ère nìkan ló lè wò, ilé náà á ti parí iṣẹ́ tí àwọn ajàjàgbara torí rẹ̀ yàn án. Ọmọ Yorùbá kò kéré ní Dublin lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń lọ, ẹ má kàn ya fọ́tò níwájú òpó. Ẹ wọlé, ẹ tò sórí ìlà, ẹ ra sítáǹpù, kí ẹ sì fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sílé.